Owó Onírin Àtijọ́ Tí Ìpaarà Bò: Ìtọ́jú Rẹ̀ àti Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí Tí Ó Jẹ Mọ́ Ọn

Ìfáàrà

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, fọ̀, ni ó ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ènìyàn a máa fọ aṣọ, a máa fọ àwo, a máa fọ ilé, a sì máa fọ idẹ. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, ìdọ̀tí ni ohun tí à ń lé lọ, nǹkan náà gan-an ni ó sì ń kù lẹ́yìn fífọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan owó onírin àtijọ́ tí wọ́n hú jáde láti inú ilẹ̀, ìtumọ̀ yìí a máa ṣi ènìyàn lọ́nà. Ohun tí ó bo irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ara owó náà fúnra rẹ̀ tí ó ti yí padà. Ẹni tí ó bá fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ àwo lè fọ àwòrán ọba, orúkọ rẹ̀ àti àmì ibi tí wọ́n ti rọ owó náà dànù pọ̀ mọ́ omi ìdọ̀tí. Ohun tí ó bá sì lọ báyìí kò tún lè padà mọ́.

Nítorí náà, ọ̀ràn kan náà ni ọ̀ràn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ọ̀ràn èdè nínú iṣẹ́ yìí. Bí orúkọ kò bá yàtọ̀, ọwọ́ kò ní mọ ìyàtọ̀. Àlàyé tí ó tẹ̀ lé e yìí dá lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí owó nínú ilẹ̀, ìdí tí ìkánjú fi ń ba owó jẹ́, àti ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà tọ́jú rẹ̀. Ó sì ń dábàá ọ̀rọ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ yanjú. Irin nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ lè jẹ́ ohunkóhun tí alágbẹ̀dẹ lè rọ, ó sì tún lè jẹ́ irin pọ́ńbélé tí a fi ń ṣe ọkọ́ àti àdá. Ìtumọ̀ gbígbòòrò ni ó wà nínú owó onírin, nítorí pé bàbà, fàdákà, wúrà tàbí àdàlú wọn ni wọ́n fi rọ ọ̀pọ̀ jù lọ owó àtijọ́. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mẹ́táàlì ni orúkọ gbogbo ìdílé náà. Irin sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìdílé, àfi nínú owó onírin tí ó ti mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu.

Ẹ̀rọ awámẹ́táàlì

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ gidigidi, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ni ó fi wíwá mẹ́táàlì kiri oko ṣe ìgbafẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ni a lè pè ní ẹ̀rọ awámẹ́táàlì. Òrùka wáyà kan wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀. Iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀ ń gba inú wáyà náà kọjá, ó sì ń dá agbára òòfà sílẹ̀ yí i ká. Bí agbára yìí bá kan mẹ́táàlì nínú ilẹ̀, iná kékeré a dìde nínú mẹ́táàlì náà, òun náà a sì dá agbára òòfà tirẹ̀ padà. Ìdáhùn yìí ni ẹ̀rọ náà ń gbọ́ tí ó fi ń dún sí etí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́. Ọ̀nà náà kì í ṣe tuntun: ní ọdún 1881, Alexander Graham Bell lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti wá ọta ìbọn lára Ààrẹ James Garfield ti Amẹ́ríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí i.

Ẹ̀rọ yìí kì í fi gbogbo ìgbà mọ ìyàtọ̀ láàárín owó ọba àti ìdérí ìgò, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti hú jáde kò kéré. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, Eric Lawes ń fi ẹ̀rọ wá òòlù tí ó sọnù sí oko kan ní Hoxne, ní agbègbè Suffolk. Ohun tí ó bá pàdé ni ìṣúra àwọn ará Róòmù, tí owó inú rẹ̀ tó nǹkan bí 15,000. Òun náà kò hú u tán fúnra rẹ̀. Ó ké sí àwọn tí ọ̀ràn kàn, àwọn awalẹ̀pìtàn sì wá hú u bí ó ti yẹ. Wọ́n rí òòlù náà pẹ̀lú, ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìṣúra tí ó ṣokùnfà rẹ̀.

Òfin Ìṣúra tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1996, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1997, pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ó bá rí ìṣúra fi tó ìjọba létí láàárín ọjọ́ 14. Ọdún 1997 náà ni wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ohun kéékèèké tí àwọn aráàlú bá rí, èyí tí òfin kò kà sí ìṣúra. Ohun tí òfin àti ètò wọ̀nyí ń ṣọ́ ju iye owó lọ: ìmọ̀ tí ó so mọ́ owó náà ni wọ́n ń ṣọ́.

Ohun tí ilẹ̀ ń ṣe sí mẹ́táàlì

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí mẹ́táàlì tí ó pẹ́ nínú ọ̀rinrin: wọ́n ní ó dógùn-ún, wọ́n ní ó dípẹtà, wọ́n sì ní ìpaarà jẹ ẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, irin pọ́ńbélé tí ó pupa ni dógùn-ún àti dípẹtà sábà máa ń bá rìn. Ìpaarà ni ó gbòòrò jù, òun ni ó sì yẹ kí á mú fún gbogbo mẹ́táàlì. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá a rìn, jẹ, dára pẹ̀lú, nítorí pé bí ẹni ń jẹun gan-an ni ìpaarà ṣe ń ṣe: ó ń mú mẹ́táàlì, ó sì ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Gbogbo mẹ́táàlì kọ́ ni ìpaarà ń jẹ bákan náà. Wúrà a máa jáde láti inú ilẹ̀ pẹ̀lú dídán rẹ̀ lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún. Fàdákà a máa dúdú bí ó bá pàdé imí ọjọ́ nínú afẹ́fẹ́ tàbí nínú ilẹ̀, a sì máa ní èèpo eléérú bí iyọ̀ inú ilẹ̀ bá jẹ ẹ́. Òjé a máa funfun. Bàbà ni ó ní àwọ̀ púpọ̀ jù. Bí ọ́síjìn bá kọ́kọ́ kàn án, èèpo pupa a bo ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, omi àti kábọ́ọ̀nù dàyọ́ọ́sáìdì inú ilẹ̀ a sọ apá òde èèpo náà di àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró. Nígbà tí ó jẹ́ pé àdàlú ni ọ̀pọ̀ owó, ìpaarà a máa yan èyí tí ó rọrùn fún un láti jẹ. Bí fàdákà bá dàlú pẹ̀lú bàbà, bàbà ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ìdí nìyí tí owó fàdákà tí bàbà pọ̀ nínú rẹ̀ fi máa ń jáde láti inú ilẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ewé, bí ẹni pé kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ wá wà níhìn-ín. Bí ìpaarà bá ti jẹ bàbà, ohun tí ó jẹ kì í ṣàdéédéé pòórá. Apá kan a dúró sí ipò tí mẹ́táàlì ti wà tẹ́lẹ̀, a sì le, a sì ki. Apá kejì a tú jáde sí òde, a sì pọ̀ mọ́ iyanrìn àti iyẹ̀pẹ̀. Láàárín apá méjèèjì ni ojú tí owó náà ní ní ọjọ́ tí ó bọ́ sínú ilẹ̀ wà. Ojú yìí, tí a lè pè ní ojú ìpilẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe mẹ́táàlì mọ́, ìpaarà ni. Ṣùgbọ́n ìpaarà náà ti gba àwòrán náà sára bí àmọ̀ ti ń gba òǹtẹ̀. Orí ọba, lẹ́tà orúkọ rẹ̀ àti ìlà etí owó wà nínú rẹ̀, nígbà tí mẹ́táàlì tí ó kù nísàlẹ̀ ti di jágajàga, tí kò sì ní àwòrán kankan. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà a máa fi iyanrìn mọ ààlà rẹ̀: hóró iyanrìn a máa wà nínú ìpaarà tí ó tú sí òde, ṣùgbọ́n kì í sí nínú èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ojú ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, bí ìpaarà tí ó kù lórí owó bá ki, tí ó dán, tí kò sì bó, ó ń ṣe iṣẹ́ ààbò fún mẹ́táàlì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Irú èyí ni a lè pè ní awọ ọjọ́. Awọ ni, kì í ṣe àwọ̀. Àmì ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo àwọ̀ ewé orí owó bí ọ̀dà lásán, wọn kò sì rí i pé awọ tí ó di àwòrán mú ni.

Ìdí tí ọsàn wẹ́wẹ́ kò fi bá owó àtijọ́ mu

Láti ìgbà àwọn baba ńlá ni Yorùbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọ idẹ kí ó lè dán. Ọsàn wẹ́wẹ́, eérú àti iyanrìn kíkúná ni ohun èlò rẹ̀. Àwọn olùsìn Ọ̀ṣun kì í jẹ́ kí idẹ wọn ṣú. Ọgbọ́n náà tọ̀nà fún ohun tí à ń lò lójoojúmọ́, nítorí pé ìpaarà orí rẹ̀ kò nípọn, mẹ́táàlì rẹ̀ ṣì pé, àwòrán rẹ̀ sì wà lára mẹ́táàlì náà gan-an. Ásíìdì inú ọsàn a yọ́ ìpaarà díẹ̀ náà, eérú a sì ha èyí tí ó kù.

Lára owó tí ó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ nínú ilẹ̀, òdìkejì ni. Ásíìdì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìpaarà òde àti ojú ìpilẹ̀ṣẹ̀; gbogbo rẹ̀ ni yóò yọ́, títí yóò fi kan mẹ́táàlì jágajàga. Ohun tí ó kù a máa pupa fòò, a máa dán fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní orúkọ ọba kankan mọ́. Ohun tí a sọ nípa ọsàn wẹ́wẹ́ ni a lè sọ nípa ọtí kíkan, òògùn ìfọ-idẹ inú agolo àti búrọ́ọ̀ṣì onírin. Rírẹ owó sínú òróró, tí àwọn kan fẹ́ràn, kò sàn jù: ásíìdì díẹ̀ wà nínú òróró náà, ó ń jẹ owó díẹ̀díẹ̀, ó sì ń mú kí ó dúdú. Fífi iná mànàmáná bọ́ ìpaarà nínú omi iyọ̀ ni ó burú jù lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ ọ, nítorí pé ó lè bọ́ gbogbo awọ ọjọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ṣe kókó. Ní ọ̀rúndún kẹta lẹ́yìn ikú Olúwa wa, fàdákà ń wọ́n àwọn ará Róòmù. Wọ́n wá ń rọ owó tí bàbà pọ̀ nínú rẹ̀, tí fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bo ojú rẹ̀. Fàdákà yìí tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìpaarà bàbà ni ó gbé e dúró. Bí ásíìdì bá yọ́ ìpaarà náà, fàdákà a bó dànù bí èèpo àlùbọ́sà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìkòkò Frome

Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, Dave Crisp ń fi ẹ̀rọ wá mẹ́táàlì nínú oko kan ní tòsí ìlú Frome, ní agbègbè Somerset. Ó gbẹ́lẹ̀, ó rí owó díẹ̀ àti etí ìkòkò kan. Nígbà tí ó mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, ó dáwọ́ dúró, ó bo ihò náà, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn awalẹ̀pìtàn. Owó tí ó wà nínú ìkòkò náà jẹ́ 52,503, ìwọ̀n wọn sì tó nǹkan bí kílógíráàmù 160.

Awalẹ̀pìtàn tí ó hú u kò gbé ìkòkò náà dà sílẹ̀. Ó ń kó owó náà ní ìpele ìpele, ó sì ń di ìpele kọ̀ọ̀kan sínú àpò tirẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí British Museum fún fífọ̀ àti gbígbẹ. Sùúrù yìí ni ó bí ìmọ̀. Lára owó náà, ó ju 760 lọ tí ó jẹ́ ti Carausius, ẹni tí ó gba ìjọba Britain lọ́wọ́ Róòmù láàárín ọdún 286 sí 293. Tirẹ̀ ni ó wà lára èyí tí ó tuntun jù nínú ìkòkò náà. Bí ó bá jẹ́ kóló ni ìkòkò náà, tí ẹnì kan ń sọ owó sínú rẹ̀ lọ́dọọdún, òkè ni owó tuntun ìbá wà. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni púpọ̀ nínú owó Carausius wà, owó tí ó ti pẹ́ jù wọ́n lọ sì wà lórí wọn. Nítorí náà, kì í ṣe àkójọ ọdún púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ilẹ̀. Bí ẹni tí ó rí i bá ti da gbogbo rẹ̀ sínú garawa omi kan kí ó lè mọ ohun tí ó jẹ́, owó náà ìbá ṣì pé 52,503, ṣùgbọ́n ìtàn yìí ìbá ti ṣègbé.

Ìgbésẹ̀ ìtọ́jú

Bí ó ti wù kí owó kéré tó, ìgbésẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń gbé kò yí padà púpọ̀.

Ìkínní ni pé wọn kì í fi àtàǹpàkò ra owó ní oko láti rí orí ọba. Iyanrìn tí ó lẹ̀ mọ́ ọn le ju ojú ìpilẹ̀ṣẹ̀ lọ, yóò sì ha á. Inú àpò kékeré ni wọ́n ń fi sí, pẹ̀lú ìwé tí ó sọ ibi tí wọ́n ti rí i, bí ó ti jìn tó nínú ilẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n rí i.

Ìkejì ni àkọsílẹ̀. Wọn a ya àwòrán ojú rẹ̀ méjèèjì, wọn a sì wọ̀n ọ́, kí ọwọ́ ìtọ́jú kankan tó kàn án.

Ìkẹta ni wíwò. Wọn a fi awò amúǹkantóbi wò ó kí wọ́n lè mọ irú mẹ́táàlì tí ó jẹ́, bóyá ó sán, bóyá àwòrán ṣì wà, àti bóyá ó tilẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ owó ni ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ pé kí á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin ni fífọ̀, èyí tí ó tọ́ sí iyẹ̀pẹ̀ nìkan. Omi tí wọ́n sè, tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ padà di omi, ni wọ́n ń lò, nítorí pé kílórínì àti iyọ̀ máa ń wà nínú omi ẹ̀rọ. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni wọ́n ń fi gbọn iyẹ̀pẹ̀ náà. Owó tí ó sán tàbí tí ó ń bó kò gbọdọ̀ kan omi rárá.

Ìkarùn-ún ni yíyẹ̀, orúkọ tí ó yẹ fún mímú ìpaarà òde kúrò díẹ̀díẹ̀ lórí ojú ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀gún, igi ṣóńṣó tàbí ọ̀bẹ tín-ínrín ni ohun èlò rẹ̀, lábẹ́ awò amúǹkantóbi. Owó kan ṣoṣo lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Níhìn-ín ni òwe àgbà ti rí ìdí jókòó pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le.

Ìkẹfà ni gbígbẹ àti ìfipamọ́. Lẹ́yìn tí owó bá ti gbẹ dáadáa, wọn a lè fi ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á. Inú àpótí tí ó dé pinpin ni wọ́n ń kó o sí, pẹ̀lú hóró sílíkà tí ń fa ọ̀rinrin mu. Ọ̀rá oníkílórínì tí wọ́n ń pè ní PVC kò dára fún un, nítorí pé ásíìdì a máa jáde lára rẹ̀ bí ó bá ń gbó. Àpótí igi óòkù náà kò dára fún owó òjé, nítorí pé èémí kíkan ara igi náà ń jẹ òjé.

Àrùn bàbà

Ìṣòro kan wà tí ìfipamọ́ nìkan kò lè wò. Bí iyọ̀ kílórínì inú ilẹ̀ bá ti wọ inú owó bàbà, a máa dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ ìpaarà. Ní ọjọ́ tí omi àti ọ́síjìn bá dé ibẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: a di lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé títàn, a sì tú ásíìdì háídírókílóríkì jáde. Ásíìdì náà a tún jẹ bàbà mìíràn, a tún dá iyọ̀ kan náà sílẹ̀, àyípo náà a sì máa lọ bẹ́ẹ̀ títí owó yóò fi di ìyẹ̀fun. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè pè é ní àrùn, àrùn bàbà sì bá Yorùbá mu pẹ̀lú, bí a bá ti mọ̀ pé kò sí kòkòrò kankan nínú rẹ̀.

Àmì méjì ni a fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí awọ ọjọ́. Awọ ọjọ́ le, ó dán, kì í sì í kúrò; lẹ́búlẹ́bú àrùn bàbà rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣú, a sì tún máa yọ jáde bí wọ́n bá gbọ̀n ọ́n kúrò. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá wà nísàlẹ̀ ìdá 40 nínú 100, àrùn náà kì í lè tẹ̀ síwájú. Ìdí nìyí tí sílíkà fi ṣe pàtàkì. Láti ọdún 1967 ni àwọn onímọ̀ ti ń lo bẹnsotíráyásóòlù tí wọ́n pò mọ́ ọtí líle láti dì mọ́ bàbà kí iyọ̀ náà má lè jẹ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ó lè pa ènìyàn lára. Yàrá àyẹ̀wò ni ipò rẹ̀, kì í ṣe ilé ìdáná.

Owó ọjọ́un ní ilẹ̀ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ọ̀nínì, tí mẹ́wàá rẹ̀ ń ṣe kọ́bọ̀ kan, kọ́kọ́ jáde fún ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láàárín ọdún 1907 sí 1908 pẹ̀lú alumíníọ́mù. Mẹ́táàlì náà kò lè fara da ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ yìí; ìpaarà jẹ ẹ́. Ní ọdún 1908 kan náà ni wọ́n fi àdàlú bàbà àti níkẹ̀lì dípò rẹ̀. Láti ọdún 1920 ni wọ́n ti ń rọ ṣílè, sísì àti tọ́rọ́ tí wọ́n fi fàdákà ṣe tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú idẹ. Nítorí náà, owó méjì tí ó ní orúkọ kan náà nínú àpótí ìyá àgbà lè jẹ́ mẹ́táàlì méjì, kí ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀. Ẹni tí ó bá rí irú owó bẹ́ẹ̀ níbi ìpìlẹ̀ ilé tàbí nínú oko yóò ṣe rere bí ó bá jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ wà lára rẹ̀ bí ó ti wà, tí ó kọ ibi tí ó ti rí i sílẹ̀, tí ó sì gbé e lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí ó súnmọ́ ọn. Òfin ọdún 1979 ni ó dá àjọ tí ń bójú tó àwọn ilé wọ̀nyí sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Àkópọ̀ ọ̀rọ̀-ìperí

Ìdọ̀tí: ohun òde tí ó lẹ̀ mọ́ owó, tí kì í ṣe ara rẹ̀.

Ìpaarà: ohun tí mẹ́táàlì dà nígbà tí ọ́síjìn, omi tàbí iyọ̀ bá jẹ ẹ́.

Awọ ọjọ́: ìpaarà tí ó ki, tí ó dúró, tí ó sì ń dáàbò bo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ojú ìpilẹ̀ṣẹ̀: ibi tí ojú owó wà ní ọjọ́ tí ó bọ́ sínú ilẹ̀, tí ó ti di ìpaarà, ṣùgbọ́n tí ó di àwòrán mú.

Àrùn bàbà: jíjẹ tí iyọ̀ kílórínì ń jẹ bàbà ní àyípo.

Fífọ̀: mímú ìdọ̀tí kúrò pẹ̀lú omi.

Yíyẹ̀: mímú ìpaarà òde kúrò díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò gbígbẹ.

Dídán: mímú kí mẹ́táàlì tàn, èyí kò sí nínú ìtọ́jú owó àtijọ́.

Ìtọ́jú: gbogbo iṣẹ́ tí ó ń mú kí owó àti ìtàn rẹ̀ pẹ́, fífi owó sílẹ̀ láìfọwọ́kàn wà lára rẹ̀.

Bí àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń ṣe ìwé ìtumọ̀ bá ya fífọ̀, yíyẹ̀ àti dídán sọ́tọ̀ báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka pé kí á fọ owó àtijọ́ yóò mọ̀ pé iyẹ̀pẹ̀ ni ó wà lábẹ́ àṣẹ omi. Ohun yòókù di ti ẹ̀gún, awò àti sùúrù.